Orí Keje: Adam Smith Lójú Àwọn Onímọ̀ Òde Òní

Èròǹgbà orí yìí

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

(a) dárúkọ ìwé méjì tó gbé Adam Smith jáde, kó sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá lé;
(b) ṣàlàyé Ìṣòro Adam Smith tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì dá sílẹ̀, àti bí wọ́n ṣe tú u;
(d) fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkà àtijọ́ àti ìtúnkà hàn;
(e) fi ìtúnkà náà yẹ òfin iṣẹ́ irun dídì ní ìpínlẹ̀ Texas wò.

Ìfáárà

DeSoto jẹ́ ìlú kan ní ìhà gúúsù Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 56,000, aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, irun dídì jẹ́ iṣẹ́ gidi tí obìnrin fi ń tọ́mọ, tó fi ń san owó ilé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin ìpínlẹ̀ náà kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni dirun gbowó láìgba ìwé àṣẹ. Ọ̀dọ̀ onídìrí kan ní Dallas ni ẹjọ́ tó yí òfin náà padà ti bẹ̀rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ yìí, Adam Smith ti kọ nípa rẹ̀ ní Scotland ní ọdún 1776.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni pé: Smith wo là ń wí? Smith kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ bí ẹni mowó, ẹni tí wọ́n ní ó wàásù pé kí kálukú máa wá tirẹ̀, kí ìjọba jókòó sílé; èyí ni a ó máa pè ní kíkà àtijọ́. Smith mìíràn wà nínú àwọn ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Orí yìí dá lé bí àwọn onímọ̀ ṣe padà sínú ìwé náà. Ìtúnkà ni a ó máa pe iṣẹ́ wọn, ìyẹn ni pé kí a tún ìwé àtijọ́ kà látòkèdélẹ̀, kí a wo ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ àti àwọn tí òǹkọ̀wé ń bá jiyàn, kí a tó sọ ohun tó ní lọ́kàn.

7.1 Ìgbésí ayé Smith ní ṣókí

Kirkcaldy, ní etíkun Scotland, ni wọ́n bí Smith sí. Oṣù Òkúdù ọdún 1723 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un. Bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀, Margaret Douglas, ló tọ́ ọ. Ó wọ Yunifásítì Glasgow ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, níbi tí Francis Hutcheson ti kọ́ ọ, ó sì lo ọdún mẹ́fà ní Oxford, láti 1740 sí 1746. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Glasgow ní 1751, nígbà tó sì di ọdún kejì, wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìwà lé e lọ́wọ́. Láti 1764 sí 1766, ó wà lókè òkun, ní ilẹ̀ Faransé fún èyí tó pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ọ̀dọ́ ìjòyè kan. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti ìwé rẹ̀ ńlá. Ní 1778, wọ́n fi jẹ ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Edinburgh, ó sì kú ní ọjọ́ 17 oṣù Agẹmọ, 1790.

7.2 Ìwé méjì, òǹkọ̀wé kan

Ìwé àkọ́kọ́, *The Theory of Moral Sentiments*, jáde ní 1759. A ó máa pè é ní Ìwé Ìwà. Ìbéèrè tó dá lé ni pé: báwo ni ènìyàn, tó fẹ́ràn ara rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣe ń mọ ohun tó tọ́? Ìdáhùn Smith bẹ̀rẹ̀ láti orí ìfira-ẹni-sípò, ìyẹn agbára tí ọkàn ní láti gbé ara rẹ̀ sí ipò ẹlòmíràn, kí ó sì ní ìpín nínú ohun tí ẹni yẹn ń mọ̀ lára, ìbáà jẹ́ ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀. Bí ọmọ aládùúgbò bá ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, orúnkún tiwa náà a máa fà sẹ́yìn. Smith ní a kì í dúró síbẹ̀. A tún máa ń wo ara wa bí ẹlòmíràn ṣe lè máa wò wá, títí a ó fi ní òǹwòran aláìṣègbè nínú ọkàn wa: ẹni tí kò bá wa tan, tí kò bá wa ṣọ̀tá, tó ń wo ìwà wa láti ẹ̀gbẹ́, tó sì ń dájọ́ rẹ̀.

Ìwé kejì, *An Inquiry into the Nature and Causes of the Wealth of Nations*, jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Ẹrẹ́nà, 1776. Ìwé Ọrọ̀ ni a ó máa pè é. Ohun tó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni pípín iṣẹ́, ìyẹn gígé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kí kálukú mú ẹyọ kan ṣe. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pín-ìnnì. Ọ̀kan ń na wáyà, èkejì ń gé e, ẹ̀kẹta ń pọ́n ọn lẹ́nu, títí dé ẹni tó ń kó o sínú bébà. Ènìyàn mẹ́wàá ṣe tó 48,000 lójúmọ́; ẹni kan ṣoṣo tí kò kọ́ṣẹ́ náà lè má ṣe tó ogún. Àpẹẹrẹ yìí gbajúmọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí apá karùn-ún ìwé kan náà, nítorí ibẹ̀ ni Smith ti sọ ohun tí ó ń ṣe ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pọ́n ẹnu pín-ìnnì: ọpọlọ rẹ̀ a kú, kò ní lè dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ó ní kí ìjọba rí i pé ọmọ tálákà lọ sílé ìwé.

Nínú ìwé yìí náà ni ọ̀rọ̀ nípa àǹfààní ara ẹni ti hàn gedegbe. Ohun tó túmọ̀ sí ni ire tí ènìyàn ń wá fún ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Nígbà tí a bá lọ ra ẹran, a kì í sọ fún alápatà pé kó ṣàánú wa. Èrè tirẹ̀ la máa ń bá a sọ. Èyí kò dọ́gba pẹ̀lú ìmọtara-ẹni-nìkan, tí í ṣe wíwá ire ara ẹni láìka ìpalára ẹlòmíràn sí, èyí tí Ìwé Ìwà bá wí gidigidi. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ àṣìkà tó tẹ̀lé e ti fò dá.

7.3 Ìṣòro Adam Smith

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní Jámánì gbé ẹ̀sùn kan dìde. Bruno Hildebrand kọ̀wé ní 1848, Karl Knies tẹ̀lé e ní 1853, Witold von Skarżyński sì sọ ọ́ kíkan ju ti gbogbo wọn lọ ní 1878. Wọ́n ní Ìwé Ìwà gbé ọmọ ènìyàn ka orí ìbánikẹ́dùn, Ìwé Ọrọ̀ sì gbé e ka orí àǹfààní ara ẹni, àti pé méjèèjì kò lè gbé inú orí kan náà. Àlàyé wọn ni pé Smith yí padà nígbà tó bá àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé pàdé. Èyí ni Ìṣòro Adam Smith.

Àwíjàre yìí tọ́ lójú fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, títí ẹ̀rí fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ní 1895, Edwin Cannan gbọ́ nípa ìwé kan tí wọ́n ti kọ ẹ̀kọ́ tí Smith fi ẹnu kọ́ni ní Glasgow sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1896. Nínú ẹ̀kọ́ yẹn, tó ti wáyé kí Smith tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ pípín iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ iye ọjà ti wà níbẹ̀ pátápátá. Nínú ẹ̀kọ́ kan náà ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìwà àti ọrọ̀-ajé. Wọ́n tún rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kejì ní 1958.

Ẹ̀rí kejì wà lójú gbogbo ayé láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì yéni bí wọ́n ṣe gbójú fò ó. Smith kò fi Ìwé Ìwà sílẹ̀ rí. Ó tún un tẹ̀ léraléra, ẹ̀dà kẹfà sì jáde ní 1790, ọdún tó kú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun tó pọ̀. Ọ̀kan nínú orí tuntun náà kìlọ̀ pé àṣà kíkan sáárá sí olówó àti fífojú tẹ́ńbẹ́lú tálákà ló ń ba ìwà àwùjọ jẹ́ jù lọ. Ẹni tó ti ju ìwà nù nítorí ọrọ̀ kò ní fi àwọn ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ kọ irú èyí.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn ará Jámánì ṣi ìfira-ẹni-sípò gbọ́. Wọ́n mú un bí inú rere, nígbà tó jẹ́ pé ọgbọ́n ìdájọ́ ni Smith ń sọ. Ẹni tó ń nájà pàápàá ń lò ó: bí kò bá lè fi ara rẹ̀ sípò oníbàárà, kò ní mọ iye tí yóò pè. Nígbà tí D. D. Raphael àti A. L. Macfie ṣàtúntẹ̀ Ìwé Ìwà fún Yunifásítì Glasgow ní 1976, wọ́n kọ̀wé pé ìṣòro tí kò sí ni. Àwọn onímọ̀ kan ṣì gbà pé ìfàgagbága díẹ̀ wà láàárín ìwé méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ìyípadà ọkàn lójijì ti parí.

7.4 Láti Chicago dé ìtúnkà

Ní Amẹ́ríkà, Smith gba ọ̀nà mìíràn. Láàárín ọ̀rúndún ogún, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Chicago mú un ní bàbá. George Stigler kọ ọ́ ní 1971 pé orí àpáta àǹfààní ara ẹni ni gbogbo Ìwé Ọrọ̀ dúró lé. Glory Liu tọpa ìtàn yìí nínú ìwé rẹ̀, *Adam Smith's America*, ní 2022, ó sì fi hàn pé ìran kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló gé Smith sí ìwọ̀n ìjà tí wọ́n ń jà lọ́wọ́.

Jacob Viner, tí òun náà ń kọ́ni ní Chicago, ti kìlọ̀ ṣáájú ní 1927. Ó to àwọn iṣẹ́ tí Smith gbé lé ìjọba lọ́wọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Smith fọwọ́ sí òfin tó dín agbára ilé ìfowópamọ́ kù lórí títẹ owó bébà wẹ́wẹ́, ó ní ó dà bí òfin tó ní kí wọ́n mọ ògiri tí iná kò fi ní ràn láti ilé dé ilé. Ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú pé kí òfin fi òté lé èlé orí owó yíyá.

Ọwọ́ àìrí ni gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ Smith: èrò náà pé ẹni tó ń wá ire tirẹ̀ lè ṣe ìlú lóore láìmọ̀. Emma Rothschild, nínú ìwé tó kọ ní 2001, pe àkíyèsí sí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni gbólóhùn yìí jáde nínú gbogbo iṣẹ́ Smith, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìwé kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀ẹ̀kan nínú àròkọ lórí ìmọ̀ ìràwọ̀, níbi tó ti ń sọ nípa òrìṣà àwọn ará Róòmù. Èyí kò sọ pé èrò náà kò sí. Ohun tó sọ ni pé òpó ilé kọ́ ni.

Amartya Sen, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998, ló mú ìtúnkà yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé jù lọ. Nínú *On Ethics and Economics* (1987), ó ní ọ̀rọ̀ alápatà ń ṣàlàyé ìdí tí a fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ nìkan ni. Kò ṣàlàyé ìgbẹ́kẹ̀lé tí ọjà fi ń dúró. Oníṣòwò tó ń ta àwìn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sen tún gbé ọ̀rọ̀ kan jáde nínú Ìwé Ọrọ̀ tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé: Smith ní ohun kòṣeémánìí kì í ṣe ohun tí ẹ̀mí fi ń gbé nìkan, ó kan ohun tí ọmọlúàbí kò lè wà láìní láìtijú láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà ayé Smith, ṣẹ́ẹ̀tì aṣọ ọ̀gbọ̀ ni. Ní DeSoto lónìí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè wà nínú rẹ̀, torí ibi iṣẹ́ jìnnà sílé. Láti ibẹ̀ ni Sen ti kọ́ ẹ̀kọ́ pé a kò lè fi owó ọwọ́ nìkan wọn òṣì.

7.5 Smith, Áfíríkà àti òwò ẹrú

Ìwé Ìwà ní ibì kan tí Smith ti yin àwọn ọmọ etíkun Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú. Ó ní ọkàn wọn ga ju ohun tí àwọn tó kó wọn lè mọ̀ lọ, ó sì pe àwọn akónilẹ́rú ní èérí àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Arthur Lee, ará Virginia, tẹ ìwé odindi jáde ní London ní 1764 láti fi dá Smith lóhùn, tó sì fi bu àwọn ọmọ Áfíríkà. Nínú Ìwé Ọrọ̀, Smith tún fi ọ̀rọ̀ owó gbè é lẹ́yìn pé iṣẹ́ ẹrú ló wọ́n jù, nítorí ẹni tí kò lè ní ohun ìní kò ní ìdí láti ṣe ju ohun tí wọ́n fipá mú un ṣe. Àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà lo àwíjàre náà.

Jennifer Pitts (2005) ka Smith sí alátakò ìjọba amúnisìn. Àwọn mìíràn tọ́ka sí i pé ó ṣì ń to àwùjọ ènìyàn ní ìpele, tí ọlọ́dẹ wà nísàlẹ̀ tí oníṣòwò sì wà lókè, àti pé èdè tó fi ń pe àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò bójú mu. Ìwádìí lórí apá yìí ṣì ń lọ.

7.6 Ìlò: ẹjọ́ onídìrí ní Dallas

Ní 1997, wọ́n mú Isis Brantley, onídìrí kan ní Dallas, nítorí ó ń dirun gbowó láìní ìwé àṣẹ ìṣerunlóge. Láti gba ìwé yẹn nígbà náà, ènìyàn ní láti lo 1,500 wákàtí nílé ẹ̀kọ́, ó sì ní láti kọ́ bí a ṣe ń gé irun, bí a ṣe ń pa á láró àti bí a ṣe ń fi kẹ́míkà nà án. Ẹni tó ń fi ìka àti òòyà di ṣùkú kò lo ọ̀kankan nínú wọn. Ní 2007, ìpínlẹ̀ náà dá ìwé ẹ̀rí oníwákàtí 35 sílẹ̀ fún irun dídì, wọ́n sì fún Brantley ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ kọ́ àwọn mìíràn ní wákàtí 35 náà, òfin ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ilé ẹ̀kọ́ àwọn bábà: kí àyè rẹ̀ tó 2,000 ẹsẹ̀ níbùú-lóròó, kó ní àga bábà mẹ́wàá, kó ní ibi ìfọrun kan fún àga méjì méjì, kí òun fúnra rẹ̀ sì lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ bábà fún 750 wákàtí.

Ó gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ ní 2013. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2015, Adájọ́ Sam Sparks dá a láre, ó ní àga àti ibi ìfọrun wọ̀nyẹn kò bá ìdí kankan mu tí ìjọba lè gbé ka orí ìlera tàbí ààbò. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé aṣòfin Texas yọ irun dídì kúrò lábẹ́ ìwé àṣẹ pátápátá, ní DeSoto àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà.

Apá kìíní Ìwé Ọrọ̀, orí kẹwàá, ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ka ẹjọ́ yìí. Òfin ọdún 1563 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dandan lé e pé kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sìn fún ọdún méje. Smith ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kò gbà ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ láti ṣàlàyé. Ó ní ogún kan ṣoṣo tí tálákà ní ni agbára àti ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, àti pé ẹni tó bá dí i lọ́wọ́ láti lò ó, níwọ̀n ìgbà tí kò pa aládùúgbò lára, ti fọwọ́ kan ohun mímọ́.

Kíkà àtijọ́ á dúró síbí: ìjọba, yé dí ọjà lọ́wọ́. Ìtúnkà ń béèrè síwájú sí i pé ta ni òfin náà ń ṣe lóore. Smith rí i pé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ló ń jàǹfààní ọdún méje, torí ọmọ iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn tó lè bá wọn díje sì dín kù. Nínú orí kan náà ló ti sọ pé òfin tó bá gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́ máa ń tọ̀nà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n tí àwọn ọ̀gá kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Nítorí náà, bí onídìrí tó ń gba owó lórí iye orí tó dì bá ń bá onísọ́ọ̀bù jà lórí owó iṣẹ́ rẹ̀, a kò lè fi orúkọ Smith gbè fún onísọ́ọ̀bù láìbéèrè. Orí kẹjọ apá kìíní Ìwé Ọrọ̀ ti sọ ọ́ pé àwọn ọ̀gá máa ń gbìmọ̀ pọ̀ ní kọ̀rọ̀ kí owó iṣẹ́ má bàa lọ sókè.

Gbólóhùn nípa aládùúgbò náà kò ṣe é fò. Òòyà tí wọn kò fọ̀ lè kó làpálàpá láti orí ọmọ kan sí òmíràn. Irun tí wọ́n fà le jù lè mú kí iwájú orí pá. Òfin tó bá ní kí wọ́n máa fọ òòyà bá ọ̀rọ̀ ògiri tí kì í jẹ́ kí iná ràn mu, òfin tó sì ní kí wọ́n ra àga bábà mẹ́wàá kò bá a mu. Ibí yìí ni ìtúnkà ti wúlò jù: ó fún wa ní ohun tí a ó fi ya òfin kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nígbà tí kíkà àtijọ́ kàn ní kí a kó gbogbo wọn dànù.

7.7 Kókó tó yẹ ní mímọ̀

Ìwé Ìwà (1759) àti Ìwé Ọrọ̀ (1776) wá láti inú ẹ̀kọ́ kan náà. Ìṣòro Adam Smith fọ́ nítorí ìwé ẹ̀kọ́ tí Cannan tẹ̀ jáde, nítorí ẹ̀dà ọdún 1790, àti nítorí ìtumọ̀ ìfira-ẹni-sípò. Viner, Sen, Rothschild àti àwọn mìíràn dá àwọn apá tí kíkà àtijọ́ fò padà: iṣẹ́ ìjọba, ìgbẹ́kẹ̀lé, ìtìjú òṣì àti owó òṣìṣẹ́.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àǹfààní ara ẹni àti ìmọtara-ẹni-nìkan? Fi àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan gbè é lẹ́yìn láti inú ọjà tí o mọ̀.

2. Kí nìdí tí ìwé tí Cannan tẹ̀ jáde ní 1896 fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ká ní ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ wáyé lẹ́yìn 1766 ni, ṣé àwíjàre náà ì bá ṣì dúró?

3. Dárúkọ ohun kan ní DeSoto tàbí ní ìlú rẹ tí ènìyàn kò lè wà láìní láìtijú, tí kì í sì í ṣe oúnjẹ, omi tàbí ilé. Ṣàlàyé bí o ṣe mọ̀.

4. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ onídìrí kì í ṣí sọ́ọ̀bù títí yóò fi ṣe fíríìdọ̀mù. Fi orí kẹwàá apá kìíní Ìwé Ọrọ̀ yẹ àṣà yìí wò: ta ló ń jàǹfààní, kí ni ọmọ iṣẹ́ ń rí gbà, ṣé ààbò wà níbẹ̀ fún oníbàárà?

5. Iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́: kí ẹgbẹ́ kan gbè sẹ́yìn òfin wákàtí 35 ti ọdún 2007, kí èkejì takò ó. Kí ẹgbẹ́ kẹta jókòó bí òǹwòran aláìṣègbè, kó sì kọ ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ìwé kan.